Kọ̀ǹpútà Ò Mọ Ilẹ̀ Apòmù

Kànga ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ní agbègbè Suffolk tó wà ní ìlà-oòrùn Long Island, ìpínlẹ̀ New York, wọ́n pọn omi kànga lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì bá oògùn oko nínú rẹ̀. Aldicarb lorúkọ oògùn náà. Temik ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Láti ọdún 1975 ni àwọn tó ń gbin ànàmọ́ òyìnbó ní erékùṣù náà ti ń kù ú sínú poro bí wọ́n bá ti ń gbìn, nítorí kòkòrò tó ń jẹ ewé àti aràn tíntìntín tó ń ba gbòǹgbò jẹ́. Hóró wẹ́wẹ́ ni, kì í ṣe olómi. Kò sẹ́ni tó fín in sí afẹ́fẹ́, kò sì sẹ́ni tó dà á sínú kànga. Inú ilẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ilẹ̀ ló sì gbé e dénú omi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé dé ilé bu omi. Kànga 8,404 ni wọ́n yẹ̀ wò, 1,121 nínú wọn ni oògùn náà sì ti kọjá ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ New York fàyè gbà, ìyẹn máíkírógíráàmù 7 nínú lítà omi kan. Union Carbide, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Temik, há asẹ́ oní-èédú fún àwọn tí omi wọn ti bàjẹ́. Nígbà tó di ọdún 1980, àwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n má ta ọjà àwọn ní Long Island mọ́. (Ilé-iṣẹ́ yìí náà ló ni ilé oògùn kòkòrò tí afẹ́fẹ́ olóró ti tú jáde ní Bhopal, ní India, lọ́dún 1984. Ìtàn mìíràn nìyẹn o, ṣùgbọ́n ó ṣòro kéèyàn dárúkọ wọn kó má rántí.)

Àwọn tó fọwọ́ sí Temik kì í ṣe aláìmọ̀kan. Wọ́n mọ̀ pé oògùn náà ń jẹrà nínú ilẹ̀. Nínú àkójọ tí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, 30 ọjọ́ ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀: bí a bá sin kílò kan lónìí, tó bá di 30 ọjọ́, á ku ìdajì, tó bá di 60 ọjọ́, á ku ìdajì ìdajì yẹn. Ẹ máa pín in lọ bẹ́ẹ̀. Kí ọdún tó yí po, ohun tó kù nínú kílò kan náà kò ní tó ìdá mẹ́rin gíráàmù. Ta ni yóò máa fi ìyẹn dá ara rẹ̀ láàmú?

Ṣùgbọ́n iyanrìn ni ilẹ̀ Suffolk, omi òjò sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí a da omi sínú agbọ̀n. Ilẹ̀ kíkan ni, ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà ò pọ̀ nínú rẹ̀, òtútù sì máa ń mú un lásìkò tí wọ́n bá ń gbin ànàmọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ oògùn run, orí ilẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí, níbi tí oúnjẹ wà. Bí oògùn bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò mọ, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Àti pé aldicarb kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń kọ́kọ́ di aldicarb sulfoxide, èyí náà á wá di aldicarb sulfone, májèlé sì ni ọmọ àti ọmọ-ọmọ yìí, omi sì ń gbé wọn tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ó lé ní 20 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ṣíwọ́ lílò rẹ̀, wọ́n ṣì ń bá wọn nínú omi abẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà.

Lọ́dún 1979 yìí kan náà ni wọ́n bá oògùn mìíràn, DBCP, nínú omi kànga ní California. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, ṣé oògùn yìí máa ń jẹrà? Ní báyìí, wọ́n ń bèèrè pé, ṣé yóò jẹrà kó tó dé ibi tí omi wà? Eré sísá ni. Omi ń fa oògùn lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ ń dì í mú, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́. Ta ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀? Ìbéèrè ọjọ́, òjò àti ìjìnlẹ̀ ni, èèyàn ò sì lè gbẹ́ kòtò sí gbogbo oko ayé kó máa ṣọ́ ọ fún ogún ọdún. Ohun tó gbé kọ̀ǹpútà wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Lọ́dún 1984, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àjọ EPA ti Amẹ́ríkà, ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, gbé àwòṣe kan jáde tí wọ́n pè ní PRZM. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e: GLEAMS ní Georgia kan náà, PELMO ní Jámánì, PEARL ní Nẹ́dálándì, MACRO ní Sweden.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn aláró ṣe ń ṣe omi eérú ti mọ ìdajì ohun tó wà nínú PRZM. Aláró á gbé ìkòkò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ lérí òmíràn, á kó eérú sínú tòkè, á wá máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi ò ní kọ́kọ́ kán. Eérú ní láti mu tirẹ̀ yó ná. Bó bá yó tán, ohun tó bá lé ni yóò máa ro sísàlẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ ro á le, á ta sí ahọ́n, tí wọ́n bá sì ń da omi sí i lọ bẹ́ẹ̀, á máa dẹ̀, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán. Ohun tí omi lè gbé ti bá omi lọ nìyẹn, ohun tí kò lè gbé sì jókòó sínú ìkòkò òkè.

Ní báyìí, ẹ fọkàn ya àwòrán ọgọ́rùn-ún irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, kí ẹ tò wọ́n léra wọn láti orí ilẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò parí sí, kí ẹ sì fi ilẹ̀ oko kún wọn dípò eérú. Ohun tí PRZM ń ṣe nìyẹn. Ojoojúmọ́ ló ń bèèrè lọ́wọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan: Òjò mélòó ló wọlé lónìí? Mélòó ni oòrùn àti ewé fà lọ? Ṣé ìkòkò ti yó, mélòó ló lé tó ń lọ sí ti ìsàlẹ̀? Nínú oògùn tó wà níbẹ̀, mélòó ló lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, mélòó ló wà nínú omi tó ń lọ? Mélòó ló kú lónìí? Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò ṣí ìwé ọjọ́ kejì. Kò sí idán níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní sùúrù, ó lè fi bírò àti ìwé ṣe é. Kìkì pé ìkòkò ọgọ́rùn-ún fún ogún ọdún jẹ́ ìṣirò tó ju 700,000 lọ, a ò tíì ka ti oògùn mìíràn, a ò tíì ka ti oko ẹlòmíràn.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni ìlẹ̀mọ́ yẹn. Ilẹ̀dú ló máa ń di ọ̀pọ̀ oògùn mú, ìyẹn ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà di ilẹ̀. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ fún oògùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tó ń sọ bó ṣe fẹ́ràn ilẹ̀dú tó. Nínú àkójọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, aldicarb gba 30, atrazine gba 100, lindane gba 1,100, glyphosate gba 24,000, paraquat gba mílíọ̀nù kan, DDT gba mílíọ̀nù méjì. Ẹ mú atrazine. Nínú ilẹ̀ tí kábọ́ọ̀nù tó ti ara ilẹ̀dú wá jẹ́ 1 nínú ọgọ́rùn-ún, bí omi bá rin ìṣísẹ̀ 6, atrazine á rin 1. Ẹ wá gbé e lọ sí ilẹ̀ tí ohun kan náà jẹ́ 0.3 péré: bí omi bá rin 2.5, atrazine ti rin 1. Oògùn kan náà ni, àgbẹ̀ kan náà ló fín in, òjò kan náà ló rọ̀. Aldicarb ńkọ́? Nínú iyanrìn tí ilẹ̀dú rẹ̀ kò tó nǹkan, òun àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé lọ́jọ́ kan náà.

Lọ́dún 1989, Gustafson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, da nọ́ńbà ìlẹ̀mọ́ yìí pọ̀ mọ́ iye ọjọ́ tí ìdajì oògùn fi ń parẹ́, ó sì fi ìṣirò kúkúrú kan sọ wọ́n di nọ́ńbà ẹyọ kan. Èyí tó bá ju 2.8 lọ jẹ́ arìnrìn-àjò, omi abẹ́ ilẹ̀ ni yóò dé. Èyí tí kò bá tó 1.8, ilé ni yóò jókòó sí. Mo jókòó, mo ṣe é fún àwọn oògùn tí a mọ̀ nílé. Aldicarb gba 3.7, atrazine 3.6: arìnrìn-àjò paraku ni àwọn méjèèjì. Glyphosate bọ́ sísàlẹ̀ òdo, paraquat bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, kò kúrò níbi tí wọ́n bá da á sí. Èyí tó mú mi dánu dúró ni lindane. Ẹni tó bá dàgbà ní abúlé kòkó mọ̀ ọ́n, Gamalín ni. Òun ni àwọn bàbá wa fi ń ja kòkòrò tó ń fa oje kòkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fín in, kó tó di pé Àdéhùn Stockholm fi í sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì lọ́dún 2009. 2.5 ló gbà. Kò jókòó, kò rìn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Irú oògùn tí ilẹ̀ tí wọ́n bá da á sí ló máa sọ ibi tó ń lọ nìyẹn, 400 ọjọ́ sì ni ìdajì rẹ̀ fi ń parẹ́, nítorí náà kò kánjú.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ta glyphosate lórí tábìlì lọ́jà kì í sọ. Pé oògùn ò rin lọ sínú kànga kò sọ pé kò rìn rárá. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, bí ilẹ̀ bá gbéra, òun náà gbéra. Nígbà tí àgbàrá bá ń fọ ilẹ̀ oko lọ sódò, ó ń gbé oògùn tó wà lára ilẹ̀ náà lọ pẹ̀lú. Àwòṣe bíi PRZM ń ka èyí náà. Nọ́ńbà ẹyọ kan ti Gustafson ni kò kà á.

Yúróòpù ló wá sọ eré yìí di òfin. Láti ọdún 1980 ni wọ́n ti fi lélẹ̀ pé oògùn oko kan kò gbọ́dọ̀ ju 0.1 máíkírógíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, ẹ fọkàn wo tánkà tó ń já omi fún àwọn ilé ìgboro, èyí tó ń gba 10,000 lítà. Tánkà ẹgbẹ̀rún kan. Gíráàmù oògùn kan ṣoṣo, kò tó kóró iyọ̀ tí a fi ṣíbí kékeré bù, ló máa kó gbogbo tánkà ẹgbẹ̀rún náà dé orí ìlà òfin. Bí àgbẹ̀ bá fín kílò kan sí hẹ́kítà kan, tí 200 mílímítà nínú òjò ọdún náà sì ṣẹ́kù tó wọ inú ilẹ̀ lọ, ìṣirò fi hàn pé gíráàmù 0.2 péré ló láyè láti dé ìsàlẹ̀. Gíráàmù 999.8 tó kù gbọ́dọ̀ kú sọ́nà tàbí kó lẹ̀ síbìkan. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ìtàn gíráàmù 0.2 yẹn. Ẹni tó bá ní àwòṣe òun kì í ṣàṣìṣe níbi tí nǹkan wẹ́ tó báyìí, ẹ rọra gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù náà mọ̀, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1993 tí wọ́n ń pè ní FOCUS. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ẹgbẹ́ náà ti mú ìlú mẹ́sàn-án jáde, pé ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ wọn ni yóò dúró fún gbogbo oko Yúróòpù: Châteaudun ní Faransé, Hamburg ní Jámánì, Jokioinen ní Finland, Kremsmünster ní Austria, Okehampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Piacenza ní Ítálì, Porto ní Pọ́túgà, Sevilla ní Sípéènì, Thiva ní Gíríìsì. Ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn tuntun gbọ́dọ̀ kó o lọ sí àwọn ìlú wọ̀nyí nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fín in lórí ilẹ̀ tí kò sí lọ́dọọdún fún ọdún 26. Wọ́n á da mẹ́fà àkọ́kọ́ nù, torí ilẹ̀ ò tíì gbóná sí iṣẹ́. Wọ́n á to 20 tó kù láti orí èyí tí omi rẹ̀ mọ́ jù dé èyí tó dọ̀tí jù, wọ́n á wá wo ìkẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún. Mítà kan sísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi yìí, omi tí kò sẹ́ni tó lè mu. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kọjá 0.1 ní gbogbo ìlú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wàhálà ti dé fún olóògùn náà.

Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n ẹ tún orúkọ àwọn ìlú náà kà.

Àwa náà ní ilẹ̀ tó lórúkọ. Lọ́dún 1962, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ ìwé Smyth àti Montgomery jáde ní Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn agbègbè náà. Wọ́n gbẹ́ kòtò káàkiri, wọ́n wo àwọ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ amọ̀, wọ́n wo òkúta tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wa pe irú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìtagunmódì, Apòmù, Jago àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn tó bá gbẹ́ kòtò ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ wọ̀nyí ló máa kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́dá jẹ́ ilẹ̀ pupa tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀, kòkó fẹ́ràn rẹ̀. Ìtagunmódì pupa ju ìyẹn lọ, amọ̀ ni láti òkè délẹ̀. Apòmù jẹ́ iyanrìn tí òjò ti fọ̀ wá láti orí òkè, tó wá kóra jọ sí ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Jago wà nínú àbàtà. Láàárín oko kan ṣoṣo, láti orí òkè dé etídò, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ mẹ́ta nínú wọn kó tó làágùn.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá kó kọ̀ǹpútà Yúróòpù wá sórí ilẹ̀ wọ̀nyí? Ooru ló máa kọ́kọ́ dà á láàmú. Ní 20 dígírì ni wọ́n ń wọn iye ọjọ́ oògùn níbẹ̀, ìlànà wọn sì ni pé bí ooru bá fi dígírì 10 lé, ìjẹrà á yá ní ìlọ́po 2.58. Oògùn tí ìdajì rẹ̀ ń parẹ́ ní 60 ọjọ́ ní 20 dígírì, bó bá bá ara rẹ̀ nínú ilẹ̀ tó wà ní 27 dígírì, bí ọjọ́ 31 ni yóò lò. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún wa, àwọn kan sì máa ń dúró síbẹ̀: oòrùn wa á pa á. Wọn kì í rántí pé ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń dé gan-an ni a ń fín oògùn igbó, nígbà tí a fẹ́ gbin àgbàdo, àti pé òjò tiwa kì í rọra. Èyí tí Hamburg yóò fi ọ̀sẹ̀ kan rọ̀, Ìbàdàn lè rọ ọ́ láàárín ọ̀sán kan. Nínú eré yìí, ilẹ̀ wa mú kí ẹni tó ń lé oògùn túbọ̀ yára, ó sì mú kí oògùn náà túbọ̀ yára.

Lẹ́yìn ooru, pupa ilẹ̀. Irin tó ti dípẹtà ló sọ Ìtagunmódì di pupa bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ́ pé ilẹ̀dú ló ń di oògùn mú, yóò wo ilẹ̀ pupa tí ilẹ̀dú rẹ̀ kéré, yóò ní ohun tó máa di glyphosate mú níbẹ̀ kò pọ̀. Irọ́ ni. Glyphosate ò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún ilẹ̀dú. Ìpẹtà irin àti alumíníọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí fọ́sífọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ibi ìjókòó kan náà ni àwọn méjèèjì ń dù. Ẹni tó bá wá da ajílẹ̀ oní-fọ́sífọ́ọ̀sì sórí ilẹ̀ tó ti fín, ó lè máa lé glyphosate dìde láìmọ̀. Fún irú ilẹ̀ yìí, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé àkójọ ò wúlò tó kòtò kan tí a gbẹ́, tí a sì yẹ̀ wò.

Ikán ńkọ́? Àwòṣe ìkòkò alájere gbà pé omi ń rin ìrìn àgbà, ó ń mú ìkòkò kan yó kó tó bọ́ sí èkejì. Ẹni tó ti da omi sí ẹ̀gbẹ́ ògán rí mọ̀ pé omi ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀; ihò ikán, ojú ọ̀nà ekòló, àyè gbòǹgbò tó ti jẹrà, gbogbo wọn lọ̀nà ẹ̀bùrú. Oògùn tó bá bọ́ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò rí ilẹ̀dú, kò rí ìpẹtà, kò rí kòkòrò àìfojúrí. Ó já sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ̀ pé ó kọjá. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe ṣe MACRO ní Sweden: ó pín ilẹ̀ sí méjì, ibi tí omi ti ń rọra wọ̀ àti ihò ńláńlá tó ti ń sáré. Síbẹ̀, nínú ìlú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán FOCUS, Châteaudun nìkan ni wọ́n ti lo MACRO fún omi abẹ́ ilẹ̀. Ògán kò sí ní Châteaudun.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí pàápàá kì í dúró lójú kan. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1950 sí 1959 ni atrazine ti wà lọ́jà, fún ìgbà pípẹ́ sì ni ilẹ̀ fi ń wò ó bí àlejò. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ ní Minnesota kéde kòkòrò kan, Pseudomonas ADP, tó ń jẹ atrazine run pátápátá tó sì ń fi naitirójìn inú rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Lórí oko tí wọ́n ti ń fín in lọ́dọọdún, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, oògùn tó yẹ kó lo 60 ọjọ́ lè má lo ọ̀sẹ̀ kan dáadáa. Àgbẹ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, a mọ ọjà wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà lè ti kọ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

Ethiopia ti gbìyànjú ohun tí mò ń sọ yìí: àwọn onímọ̀ ibẹ̀ àti ti Wageningen ní Nẹ́dálándì jọ fi ilẹ̀ àti òjò Ethiopia ṣe àwòṣe tiwọn, kí wọ́n lè fi wo oògùn kí wọ́n tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nílé níbí, ọ̀nà tí NAFDAC fi ń ṣe é ni kí ó fòfin de oògùn: paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Mi ò bá wọn jà sí i. Ẹni tó bá ti rí ohun tí paraquat ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó gbé e mì kò ní bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: lórí ìwé Gustafson, ìkínní kì í kúrò níbi tí a dà á sí, ìkejì sì ń bá omi rìn. Ìdí tó fi yẹ ká ṣọ́ra fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Oògùn tí àgbẹ̀ yóò fi rọ́pò wọn náà ní ìrìn tirẹ̀, lórí Apòmù àti lórí Ìtagunmódì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan ti bèèrè kí wọ́n tó kó o dé ìsọ̀.

Ohun tí wọ́n nílò láti bèèrè kò pọ̀ tó bí èèyàn ṣe lè rò. Òjò ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Ìjìnlẹ̀, amọ̀, iyanrìn àti ilẹ̀dú ti wà nínú ìwé Smyth àti Montgomery àti nínú iṣẹ́ àwọn tó tẹ̀ lé wọn. PRZM kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ yunifásítì sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ tán kí tíì tó tutù. Ohun tó kù ni kí èèyàn bu ilẹ̀ Apòmù sínú ìgò, kó da oògùn díẹ̀ sí i, kó gbé e síbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 27 dígírì, kó máa wọn ohun tó kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kó sì tún ìyẹn ṣe fún oògùn kejì, fún ilẹ̀ kejì. Iṣẹ́ sùúrù ni, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn oògùn sì wọ́n. Láìsí nọ́ńbà tó bá jáde látinú ìgò yẹn, ohun tí kọ̀ǹpútà yóò máa sọ fún wa ni bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Hamburg.

Ìdí tí mo ṣe ń dárúkọ Apòmù lemọ́lemọ́ ni pé nínú gbogbo ilẹ̀ wa tó lórúkọ, òun ló jọ ilẹ̀ Suffolk jù. Iyanrìn ni, ilẹ̀dú rẹ̀ kéré, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì wà, níbi tí omi ò ti jìnnà sí ojú ilẹ̀. Nítorí pé omi ò jìnnà, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbẹ́ kànga sí. Bí àwa bá sì da iyanrìn, òjò àti oògùn pọ̀ mọ́ra nínú àwòṣe tó dára jù láyé, ohun kan ṣì wà tí kò ní rí. Gbogbo àwòṣe wọ̀nyí gbà pé oògùn dé orí oko ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike, pé wọ́n tẹ́ ẹ kárí hẹ́kítà kan, pé ìrìn àjò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Kò sí àyè nínú PRZM tàbí PEARL fún ọmọkùnrin tó fín oko tán nírọ̀lẹ́, tó sọ tánkì kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó fa omi lẹ́ẹ̀mejì látinú kànga, tó fi ṣan tánkì náà, tó sì da èyí tó kù síbi tó dúró sí.

Ìdá mẹ́wàá lítà péré ló kù nínú tánkì náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ibi tó dúró sí fi jìnnà sí ẹnu kànga.